Ẹkírán Kejì Lórí Tábìlì Kassimou

Bí ẹ bá dé Tchaourou, tí ẹ gun sẹ́mì, tí ẹ sọ fún ẹni tó ń wa alùpùpù náà pé ṣọ́ọ̀bù Kassimou atẹ̀wé ni ẹ ń lọ, kò ní bi yín pé Kassimou wo. Á wo bébà tó wà lọ́wọ́ yín, á sì ṣáná sí alùpùpù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, tábìlì kan tí igi rẹ̀ ti dúdú, àti àga méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àga méjì yẹn, nítorí orí wọn ni ọ̀rọ̀ mi jókòó lé.

Kassimou ló ni àga àkọ́kọ́. Èkejì, lápá ọ̀tún rẹ̀, Awaou ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, lápá òsì tábìlì náà, lẹ́bàá ògiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, irin gidi, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti fi tẹ nǹkan kẹ́yìn. Síbẹ̀, oníbàárà tó bá fẹ́ gbé àpò lé e, Kassimou á wò ó bí ẹni tó fẹ́ jókòó lé ìyá òun lórí.

Ẹ má bá a wí. Ẹ̀rọ yẹn ló sọ ọ́ di ènìyàn. Ọdún 1990 ni, ọdún tí àwọn àgbà orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé ńlá ní Cotonou, tí wọ́n ní ẹnu ti di títú, pé ẹni tó bá lọ́rọ̀ nínú kó máa sọ ọ́. Ẹ wo ìlú nígbà náà. Gbogbo ènìyàn ló lọ́rọ̀ nínú, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Àwọn olóko dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fẹ́ òfin ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta iṣu ní àwọn náà kò ní gbẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tilẹ̀ wà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n tú ká nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì padà wá kí wọ́n lè tẹ ìwé ìtúká.

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni Kassimou nígbà náà. Ó ti jáde ilé ìwé ní Parakou, kò ríṣẹ́, ó sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó rà lọ́wọ́ akọ̀wé kan tó ń fẹ̀yìn tì. Ó gbé tábìlì sábẹ́ igi kan nítòsí ibùdó rélùwéè. Ibi dáadáa ni. Bí ọkọ̀ ojú irin bá dúró, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan á ra iṣu, àwọn kan á ra máńgòrò, àwọn kan á sì sáré wá bá Kassimou pé kó bá àwọn tẹ lẹ́tà kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di mẹ́rin. Ìwé títẹ̀ kò ṣòro fún un, ìwé kíkà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí àwọn ènìyàn ìlú yẹn a máa kọ̀wé bíi pé adìẹ ló tú ilẹ̀.

Ọjọ́ kan ni Awaou gbé iyán wá fún un. Wọn kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fẹ́ra. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti di ojú mọ́ ìwé tíṣà kan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Awaou ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún mẹ́rin kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó na ọrùn láti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà sókè geere bí ẹni ń mu omi. Kassimou kò wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́, ó ń tẹ̀. Nígbà tí ìlà kan bá parí, Awaou á fi òrùka fàdákà ọwọ́ rẹ̀ kan igi tábìlì lẹ́ẹ̀kan: kọ́. Kassimou á ti ẹ̀rọ padà, á bọ́ sí ìlà kejì. Iyán tutù. Wọ́n parí ojú ìwé mẹ́ta.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di iṣẹ́ tọkọtaya. Awaou ń kà, Kassimou ń tẹ̀, òrùka ń ya ìlà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn tábìlì wọn kọjá, ohùn obìnrin ló máa gbọ́, lẹ́yìn náà kọ́, lẹ́yìn náà àrá ẹ̀rọ. Wọ́n bí Waliath, ọmọbìnrin wọn, ó sì ń sùn sórí ìró náà. Bí ìró bá dákẹ́, ọmọ á jí.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá kò kó èrò wá mọ́. Koríko bo ojú irin. Wọ́n kó kúrò lábẹ́ igi, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà, kọ̀ǹpútà dé, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló yí padà, ṣùgbọ́n Kassimou kì í fọwọ́ kan ìlà kejì títí òrùka yóò fi dún. Kọ̀ǹpútà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti nǹkan kan padà, òun ni ó nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ojú Awaou bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ ní iná ṣọ́ọ̀bù kò tàn tó. Kassimou yí gílóòbù padà. Ó ní àwọn ènìyàn kò fi yíǹkì tó dára kọ̀wé mọ́. Kassimou gbà. Ọjọ́ tó ka orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, tó ka á ní oríṣi mẹ́ta, ni àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ rí dókítà. Dókítà Parakou sọ pé àrùn kan ti ba iṣan inú ojú jẹ́, pé awò kò lè ràn án lọ́wọ́, ẹ̀kán oògùn ni yóò máa fi dá èyí tó kù dúró. Èyí tó kù yẹn, ó lè fi mọ ẹni tó wọlé bí onítọ̀hún bá súnmọ́ ọn dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́tà bíró ti parẹ́ fún un.

Kò yéé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ló fẹ́ máa ṣe nílé? Ní gbogbo àárọ̀, á jókòó sí àga rẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, á máa kí àwọn oníbàárà, á máa béèrè ọmọ, á máa béèrè oko. Ṣùgbọ́n kò kan tábìlì mọ́. Kassimou ń tẹ̀wé nínú ìdákẹ́jẹ́, ó sì ń dùn ún, àmọ́ kò mọ bí ó ṣe lè sọ ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti wọ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn olóko kajú gbé àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn fún un pé kó tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbèríko kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi ọwọ́ kọ orúkọ sínú ìwé, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kassimou á ṣí fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, á ka ìlà kan, á ti fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí ojú ìwé tó ń tẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tún padà wá fọ́tò. Ẹkírán kan ṣoṣo, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà, ló ní, kékeré ni pẹ̀lú. Láàárín lílọ àti bíbọ̀, ojú á ṣi ìlà. Kò sí ẹni tó máa kan tábìlì fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Abdou, olóko kan láti Goro, gun alùpùpù dé. Ó yọ bébà kan nínú fìlà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Tonton Kassimou, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá béèrè. Ìgbà wo ni mo fi ọmọ mi ta yín lọ́rẹ?"

Kassimou ní kò yé òun.

"Kaoussara ni mò ń wí. Ọmọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ lórúkọ. Ẹ wò ó níbí. Ẹ ti kọ ọ́ sábẹ́ Ganiou."

Gbogbo Goro ló mọ̀ pé Abdou àti Ganiou ń fa igi kajú méje kan tó wà ní ààlà oko wọn. Kassimou wo bébà. Ó ti fo ìlà kan lóòótọ́, ọmọ Abdou ti bọ́ sílé Ganiou.

"Ó gba kajú méje lọ́wọ́ mi," ni Abdou wí, "ẹ tún fi ọmọ ṣe èènì fún un."

Awaou ló fèsì. "Abdou, ṣe sùúrù. Fi ọmọ náà sílẹ̀ fún Ganiou títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Kó bọ́ ọmọ yó lásìkò ọ̀wọ́n, kó o tó lọ gbà á."

Abdou fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mu omi, ó kí wọn, ó lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó lọ tán, Awaou yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní: "Ká ní mo kan tábìlì ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì akọ̀wé ẹgbẹ́ pe Kassimou, ó ní ìgbèríko mẹ́rin ló kù, àti pé bí ìlà kan bá tún fò, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà lọ sí Parakou.

Waliath ti di akọ̀wé ní Parakou nígbà yìí. Bàbá rẹ̀ rò fún un lórí fóònù.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kò le," ni ó wí. "Ẹkírán méjì méjì ni àwa ń lò ní ọ́fíìsì. Ẹ ra èkejì. Ẹ ó ṣí fọ́tò sí ọ̀kan, ẹ ó máa tẹ̀ sórí èkejì. Ẹ kò ní máa lọ, ẹ kò ní máa bọ̀."

"Ibo ni kí n gbé e sí?"

"Ọ̀tún yín, níbi tí Màámi ń..." Ó dákẹ́. Fóònù ń jẹ owó wọn lásán.

Ẹ rí i báyìí. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́, ẹkírán kejì ló lè dá a dúró, àyè kan ṣoṣo tó sì wà fún ẹkírán náà, Awaou ló jókòó síbẹ̀. Bí Kassimou bá gbé àga yẹn kúrò, ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ láìlanu pé ó ti tán. Ó mọ Awaou. Kò ní jà. Á kàn dìde, á lọ sílé, á jókòó sẹ́yìnkùlé, ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ẹ̀fọ́ tó pẹ́ nínú igbá. Ẹ̀rù èyí ń ba Kassimou ju ẹ̀rù akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ.

Síbẹ̀, ó wọn àyè náà. Awaou lọ kí ìrun alásàrí, Kassimou bá dìde, ó ń fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ wọn ọ̀tún tábìlì. Mẹ́ta àti ààbọ̀. Kò tíì ká ọwọ́ kúrò nígbà tí Awaou wọlé, tó ń fi ìka tẹ̀lé férémù ilẹ̀kùn.

"Bàbá Waliath, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Tábìlì yìí ni. Ó jọ pé igi rẹ̀ fẹ́ wọ́."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni kò wọ́," ni Awaou wí. Ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí àyè rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Mò ń lọ sí Parakou lọ́la. Yíǹkì ti tán."

"Ó dára. Ẹ̀kán ojú mi náà ti fẹ́ tán. A ó jọ lọ."

Kí ni ọkùnrin fẹ́ wí sí i? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ bùbá tó lọ̀, ó fi òórùn dídùn sí ọrùn. Awaou gbọ́ òórùn náà, ó ní yíǹkì yìí mà níyì lójú yín o. Kassimou ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n gba Tchatchou kọjá, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti to iṣu sẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn ibẹ̀, níbi tí ọkọ̀ gbé yà díẹ̀, Awaou gbé orí sókè.

"Ṣé ojú irin ló wà lọ́tùn-ún wa yìí?"

"Òun ni. Koríko ti gbà á tán."

"Ẹ rántí ọjọ́ tí a wọ rélùwéè lọ ra tẹ́ẹ̀pù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?"

Kí ló fẹ́ gbàgbé níbẹ̀? Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn Awaou. Gbogbo ohun tó ní lẹ́tà lára láti Tchaourou dé Parakou ni ó kà sókè fún un. Ó ka orúkọ ibùdó, ó ka ara àpò sìmẹ́ńtì, ó ka ẹ̀yìn ìwé ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó níwájú wọn, títí ọkùnrin náà fi ká ìwé rẹ̀ kúrò. Kassimou rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Lónìí, pátákó ìpolówó ńlá ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà, Awaou kò sì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Kassimou, ìtìjú irọ́ tó pa sì mú un. Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ọkọ̀ ti wọ Parakou.

Lẹ́yìn tí wọ́n ra oògùn ojú, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọládélé. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Ọládélé, ẹnu rẹ̀ dùn, ó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù. Ó fún Awaou ní àga lẹ́bàá káńtà, ó kí i ní tata bí ẹni ń kí àǹtí rẹ̀, ó béèrè àwọn ará ilé. Kassimou ṣe bí ẹni tó kàn ń wò kiri. Ó wo àpótí yíǹkì. Ó wo òkè àjà. Lẹ́yìn náà ó súnmọ́ ibi tí ẹkírán wà ní ìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ẹ̀yìn wọn bí ẹni ń yan iṣu.

"Tonton, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ èyí tó dára," ni Ọládélé wí. "Kò lè rà nínú."

"Ìwọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ohùn Awaou wá láti ìdí káńtà. "Bàbá Waliath, ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Waliath ti sọ ọ̀rọ̀ ẹkírán fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ra nǹkan yín."

Kassimou ká ọwọ́ kúrò lára ẹkírán.

"Ohun kan ni mo bẹ̀ yín," ni Awaou wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ ra èyí tó máa kún àyè mi dáadáa. Ẹ má ra èyí tí àyè máa ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àyè bá ṣẹ́kù, á máa ṣe mí bíi pé mo lè jókòó síbẹ̀."

Kassimou ń wo ẹkírán, kò rí ọ̀kankan. Nígbà tó yá, bí ọkùnrin tí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ yíyàn. Ó ti rí ọ̀kan tó wù ú, dúdú, pẹlẹbẹ, tí ènìyàn lè yí kó dúró lóòró bíi bébà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín. Ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọn. Ó ní kí Ọládélé fi fọ́tò tó wà nínú fóònù òun dán an wò.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí i níbí," ni Ọládélé wí. Ẹkírán tí òun fúnra rẹ̀ ń lò wà lórí káńtà, ńlá, àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n, etí rẹ̀ ti họ, ó wúwo bí ọlọ. Kassimou ti wò ó nígbà tó wọlé, ó ti sọ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní gba èyí bí wọ́n bá fi tọrẹ. Ọládélé ṣí fọ́tò náà. Ojú ìwé Goro tó da nǹkan rú yẹn ni, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ṣókùnkùn. Ọládélé fẹ́ràn kó máa fi ọgbọ́n rẹ̀ han ènìyàn. Ó yí i padà, ilẹ̀ ìwé di dúdú, lẹ́tà di funfun. Ó fẹ̀ ẹ́. Ó tún un fẹ̀, títí ìlà kan ṣoṣo fi gba gbogbo ẹkírán láti etí dé etí, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ìka ọwọ́.

"Ẹ wò ó bí ó ṣe mọ́," ni ó ń wí, "kódà ẹni tó bá..."

"Kaoussara," ni ẹnì kan wí.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yíjú. Awaou ti na ọrùn láti orí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹkírán ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

"Kaoussara," ni ó tún wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba orí òkúta la odò. "Bàbá rẹ̀, Abdou. Oko, Goro." Ó mí. Ọwọ́ rẹ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀, ó fi òrùka kan igi káńtà.

Kọ́.

Ìka Kassimou mira. Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ tó lè tẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́ láti bọ́ sí ìlà kejì. Ó rí i bó ṣe ń ṣe é.

"Ọmọ mi, sún un sókè," ni Awaou wí fún Ọládélé. "Ìlà yẹn ti parí."

Ọládélé sún un. Awaou ka ìlà kejì, ó kan igi. Ó ka ìkẹta dé ààbọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó jókòó padà. Ojú rẹ̀ kò sàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa irọ́ fún yín. Ó ní láti sinmi kó tó lè kà mìíràn, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ó kà á, kò sì ṣi ìlà.

"Ta ló ronú kan èyí rí nínú gbogbo wa?" ni Kassimou wí. Kò sí ẹni tó ronú kàn án. Gbogbo wọn ti gbà pé ojú Awaou ti tán, wọ́n ń wá ohun tó máa rọ́pò rẹ̀. "Ọládélé, èyí ni mo fẹ́."

"Èyí? Tonton, èmi ni mò ń lo èyí. Kì í ṣe títà. Ó ti gbó. Ẹ wo etí rẹ̀. Ẹ mú dúdú yẹn."

"Ìwọ mú dúdú yẹn. Ó yẹ ọ́. Fún mi ní èyí."

Wọ́n fi ìborùn Awaou wé e. Orí ẹsẹ̀ Kassimou ló wà títí wọ́n fi dé Tchaourou, itan rẹ̀ kú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú ọ̀nà, Awaou bi í léèrè ohun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, Kassimou ń ka pátákó fún un, pátákó ìpolówó, orúkọ ìlú, ara ọkọ̀ tó ń kọjá. Ó kà á ṣì nígbà mélòó kan. Kò mọ̀ pé ìwé kíkà sókè fún ẹlòmíràn ń gba agbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro dé nígbà tí wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ẹkírán náà. Bí wọ́n bá gbé e sí ọ̀tún, ó gba àyè Awaou tán, ó tún yọ sóde. Awaou kò ní rí ibi tó máa gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, kò ní rí igi tó máa kàn. Kassimou gbé e síwájú, ó gbé e sẹ́yìn. Ó ní òun á lọ bẹ káfíńtà kó fi pákó kún tábìlì. Ó ní òun á gbé ẹ̀rọ fọ́tòkópì tó wà lẹ́bàá tábìlì síta, bí òjò tilẹ̀ ń bọ̀. Ó ń làágùn.

Awaou jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń jà pẹ̀lú igi.

"Bàbá Waliath," ni ó wí, "níjọ́sí ẹ wọn ọ̀tún."

"Mo wọ̀n ọ́n."

"Ẹ wọn òsì náà."

Kassimou yíjú sí òsì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ jókòó síbẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbilẹ̀, ó gba ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò ti ṣe iṣẹ́ kan. Ó wò ó, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́, nítorí ó rí ohun tó ṣe. Nígbà tí àyè há, ìyàwó rẹ̀ ló fi ọwọ́ wọ̀n. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti wọn irin yìí. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló ń tọ́jú, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ló sì fẹ́ lé dìde.

"Awaou, jọ̀ọ́, má bínú," ni ó wí. Ó pẹ́ tó ti pè é lórúkọ kẹ́yìn.

"Inú ò bí mi. Ẹ gbé e rọra, ẹ̀yìn yín."

Ó ká aṣọ kúrò. Ó tẹ lẹ́tà kan, irin náà fò sókè, ó padà sílẹ̀, ó dún bó ṣe ń dún lábẹ́ igi nígbà tí rélùwéè ń bọ̀. Awaou rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà Kassimou gbé e, ó wúwo ju bó ṣe rántí lọ, ó gbé e kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, ó tún aṣọ bò ó. Àmì onígun mẹ́rin kan ṣẹ́kù lórí tábìlì níbi tó wà, igi ibẹ̀ pupa bíi tuntun. Ó sún ẹkírán kékeré tirẹ̀ sórí àmì náà, ó sún àga rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó gbé ẹkírán ńlá síwájú Awaou, ó sì ṣẹ́ku igi tó máa gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé níbi ọwọ́ rẹ̀.

Ó ṣí ojú ìwé Goro. Ó yí i sí dúdú, ó fẹ̀ ẹ́ bí Ọládélé ṣe fi hàn án, ó mú ìlà Abdou wá sójú. Awaou fa àga súnmọ́, ó na ọrùn.

"Kaoussara," ni ó wí. "Bàbá rẹ̀, Abdou."

Kassimou tẹ Kaoussara, ó sì tẹ Abdou sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ń dúró. Kò kánjú rárá. Ó dúró títí òrùka fi kan igi, kó tó bọ́ sí ìlà kejì.